Kí A Tó Béèrè Slam, Ká Mọ Ibi Tí A Ó Dúró Sí

Nínú eré bridge, kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń ju káàdì nìkan ló ń fi ọ̀jáfáfá hàn. Ìpinnu kan wà tó máa ń wáyé kí káàdì kankan tó balẹ̀: àwọn méjì tó jọ ń ṣeré ti rí i pé ọwọ́ àwọn dára, èrè tó dájú ti wà nílẹ̀, wọ́n wá ń rò ó bóyá kí àwọn wádìí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní slam. Èrò tèmi ni pé "ṣé slam wà níbí?" kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni pé: bí mo bá béèrè, kí ni màá fi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ṣe, ibo ni màá sì dúró sí bí ìdáhùn náà bá burú? Ẹni tí kò bá ní èsì sí ìyẹn, kó pa ẹnu mọ́, kó gba èyí tó dájú. Òfin yìí wúlò kọjá orí tábìlì káàdì. Ó kan àwa tí a ń jiyàn lórí ilé ìfọpo Port Harcourt tó wà ní Alesa-Eleme, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, iṣẹ́ tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lé lórí, tí wọ́n fi ìlù àti fèrè ṣí, tó sì tún tilẹ̀kùn kó tó pé oṣù mẹ́fà.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, èèyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì dojú kọ méjì, wọ́n á sì pín káàdì 52 ní mẹ́tàlá-mẹ́tàlá. Káàdì mẹ́rin tó bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ló máa jẹ ẹ́. Nítorí náà, ìjẹ 13 ló wà nínú ọwọ́ kan. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ju káàdì, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìpè figagbága: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa sọ iye ìjẹ tó gbà pé òun lè kó. Ẹni tó pe 4 spade ti ṣèlérí ìjẹ 10, èyí tí wọ́n ń pè ní game. Ẹni tó pe 6 ṣèlérí 12, slam kékeré nìyẹn. Ẹni tó pe 7 ní òun á kó gbogbo 13, ìyẹn sì ni slam ńlá. Bí o bá pe díẹ̀ tí o wá jẹ púpọ̀, wọn ò ní fún ọ ní ẹ̀bùn ohun tí o kò pè. Bí o bá pe púpọ̀ tí ìjẹ kan ṣoṣo dín, game tó ti wà lọ́wọ́ rẹ ti lọ. Harold Vanderbilt, olówó ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé ètò yìí kalẹ̀ lọ́dún 1925, nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi Finland tó ń gba ipa omi Panama kọjá. Ohun tó ṣe ni pé ó fi owó lé ọ̀rọ̀ ẹnu lórí: kò tó pé o lè ṣe nǹkan, o gbọ́dọ̀ ti sọ ṣáájú pé o máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò rẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti jáde. Ká ní ẹgbẹ́ kan wà ní ipò tí wọ́n ń pè ní vulnerable, níbi tí èrè àti ìyà ti máa ń ga sí i. Bí wọ́n bá pe 4 spade tí wọ́n sì kó ìjẹ 12, máàkì 680 ni wọ́n á gbà. Bí wọ́n bá pe 6 spade, ìjẹ 12 kan náà á fún wọn ní 1430. Ohun tí ìgboyà jẹ lérè níbẹ̀ jẹ́ 750. Ká wá ní ìjẹ 11 péré ló wà nínú káàdì náà. Ẹni tó dúró ní 4 á gba 650, ẹni tó pe 6 á jẹ gbèsè 100, òfò rẹ̀ sì jẹ́ 750 géérégé. Èrè àti òfò dọ́gba. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé slam kékeré tó bá lé ní ìlàjì ṣíṣẹ ló yẹ ní pípè, èyí tí kò bá sì tó ìlàjì kò yẹ. Slam ńlá yàtọ̀. Ẹni tó kúrò ní 6 bọ́ sí 7 ń wá àfikún 750, ṣùgbọ́n bó bá kùnà, 1430 tó ti dájú á lọ, gbèsè 100 á sì tún hù lé e. Nínú ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi tábìlì ìfiwéra rọ àwọn máàkì ńlá wọ̀nyí, slam ńlá ṣì ń fẹ́ nǹkan bí ìdá 57 nínú 100 kó tó yẹ ní pípè.

Ìṣirò yìí fọ́ irọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Irọ́ àkọ́kọ́ ni ti ojo, tó ń sọ pé ẹni tó dúró kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tí slam tó dára wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì dúró ní game ti pàdánù 750 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pe slam tó bàjẹ́. Àfi pé tirẹ̀ kò hàn sójú, ẹnikẹ́ni kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Irọ́ kejì ni ti aláṣejù, tó gbà pé ọwọ́ tó bá rẹwà lójú ti tó. Bí slam kan bá rọ̀ mọ́ pé kí Kíńgì kan wà lọ́wọ́ ọ̀tá tó tọ́, ìdá 50 nínú 100 nìyẹn. Bó bá rọ̀ mọ́ pé kí káàdì márùn-ún tó ṣẹ́kù nínú irú kan pín sí mẹ́ta àti méjì, ìdá 68 ni. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá gbọ́dọ̀ ṣẹ pọ̀, ó ti já sí bí ìdá 34, ẹni tó bá sì pè é ti fi game rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ tí kò pé.

Àwọn tó fẹ́ràn òfin kúkúrú á sọ pé ẹ ka máàkì ọwọ́, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Áàsì jẹ́ 4, Kíńgì 3, Kúìnì 2, Jáàkì 1, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 40. Bí ọwọ́ méjèèjì bá tó 33, wọ́n ní kéèyàn pe slam kékeré. Òfin náà ní ìdí: bí 33 bá wà lọ́dọ̀ wa, 7 ló kù sọ́wọ́ ọ̀tá, Áàsì méjì sì jẹ́ 8, nítorí náà wọn ò lè ní Áàsì méjì. Bó bá jẹ́ 37, 3 péré ló kù fún wọn, kò sí Áàsì kankan níbẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n iye ni máàkì ń sọ, kò sọ ibi tí agbára náà wà. Níbi tí trump, ìyẹn irú káàdì tó ń borí àwọn yòókù, bá wà, tí irú káàdì kan sì gùn lọ́wọ́, slam máa ń wà nínú ohun tí kò tó 33, ó sì lè ṣàìsí nínú ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Ẹ wo ọwọ́ kan. Spade mẹ́fà: Áàsì, Kíńgì, 9, 8, 6, 4. Heart méjì péré, 7 àti 3. Diamond kan ṣoṣo, Áàsì. Club mẹ́rin: Kíńgì, Kúìnì, Jáàkì, 5. Ẹni tó ni ín pe 1 spade, ẹnìkejì rẹ̀ gbé e dé 3 spade, tó fi hàn pé òun ní spade mẹ́rin àti agbára tó mọ níwọ̀n. Game ti dájú dé àyè kan. Ọkàn wá ń fà sí slam. Ohun tó ń yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ ni 4 notrump, ìbéèrè tí Easley Blackwood, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ láti fi béèrè iye Áàsì tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ká ní ìdáhùn ni "ọ̀kan". Èwo ni? Bó bá jẹ́ ti heart, ohun tó kù sọ́wọ́ ọ̀tá kò ju Áàsì kan lọ, ìrètí wà. Bó bá jẹ́ ti club, ọ̀tá lè ní Áàsì àti Kíńgì heart, wọ́n á jẹ méjèèjì kí oníslam tó mí. Ìdáhùn kan náà, ọ̀nà méjì tó ta kora. Ẹni tó béèrè kò mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ kó tó béèrè lọ, ó sì ti gun orí ìpele karùn-ún, níbi tó ti nílò ìjẹ 11 dípò 10. Bí heart méjì bá lọ, tí spade kan sì tún bọ́, 5 spade ti ṣubú, níbi tí 4 spade ì bá ti jókòó dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ wà. Oníspade á pe 4 diamond, kì í ṣe pé ó fẹ́ ta diamond, ó kàn fi ń sọ pé òun ní Áàsì ibẹ̀. Bí ẹnìkejì bá ní Áàsì heart, á pe 4 heart, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí kò bá ní in, á padà sí 4 spade, ẹni tó béèrè á sì dákẹ́. Wò ó dáadáa: ìbéèrè yìí tọ́ka sí ibi tí àìlera wà gan-an, ìdáhùn méjèèjì ní ohun tí wọ́n máa bí, èyí tó burú kò sì gbé wọn kọjá game. Àwọn ohun mẹ́ta tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wádìí ohun ńlá nìyẹn: kí ìbéèrè kan ojú ibi tó ń dunni, kí ìdáhùn lè yí ìṣe padà, kí ibi ìdúró sì wà ní ìsàlẹ̀.

Wọ́n á ní ìbéèrè kì í pani, àwọn baba wa kúkú sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, ẹni tí a ń bi kì í ṣe ọ̀tá. Lórí tábìlì bridge, gbogbo ohun tí o bá bi ẹnìkejì rẹ ni ọ̀tá méjèèjì ń gbọ́. Nínú ọwọ́ tí mo sọ yìí, nígbà tí 4 heart kò jáde, ẹni tó máa ju káàdì àkọ́kọ́ ti mọ̀ pé heart ni ilé ti jò. Kò tún ní wá ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ sí. Ọ̀tá tún lè sọ pé double, ìpè tó ń mú kí èrè àti ìyà pọ̀ sí i, sí ìpè Áàsì rẹ láti fi sọ fún ẹnìkejì tirẹ̀ ohun tó fẹ́ kó jù. Theodore Lightner tilẹ̀ gbé e kalẹ̀ pé bí wọ́n bá fi double lu slam, káàdì tí kò wọ́pọ̀ ni kí ẹnìkejì jù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ògbóǹtarìgì fi máa ń pe 6 tààrà nígbà mìíràn láìbéèrè ohunkóhun: wọ́n ti ṣírò pé ìdáhùn tí àwọn máa gbà kò tó iye ohun tí ọ̀tá máa gbọ́. Ẹni tó bá rò pé èyí tako òfin mi, kó tún un kà. Ẹni tó pe 6 tààrà ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ó sì rí i pé ìwádìí kò ní sọ ohun tó lè yí òun lọ́kàn padà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Eleme. Ọdún 1965 ni ilé ìfọpo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alesa; èyí ni wọ́n fẹ̀ títí tó fi lè fọ 60,000 àgbá epo rọ̀bì lóòjọ́. Lọ́dún 1989, wọ́n kọ́ èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún 150,000 àgbá. Lápapọ̀, 210,000. Ọwọ́ tó rẹwà nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí iṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là ní oṣù Kẹta ọdún 2021 fún àtúnṣe, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Tecnimont, iléeṣẹ́ ará Ítálì. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n kéde: oṣù 18, oṣù 24 àti oṣù 44. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kéde pé ilé ìfọpo àtijọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ agbépo sì ń gbé epo jáde. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tì í pa fún àtúnṣe àti àyẹ̀wò. Nígbà tó di òpin oṣù Keje ọdún náà, NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba tó ni ilé ìfọpo náà, fúnra rẹ̀, lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ Bayo Ojulari, sọ pé àwọn kò ní tà á, ó sì jẹ́wọ́ pé bí wọ́n ṣe ń lò ó kí àtúnṣe tó parí kò bọ́gbọ́n mu, kò sì pé wọn.

Ẹ gbé òfin mẹ́ta yẹn lé e. Iye oṣù ló gbilẹ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kéde fún aráàlú lọ́dún 2021. Oṣù jọ 4 notrump nínú ọwọ́ tí a wò yẹn: ó fún èèyàn ní iye, kò fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Ibi tó ń dunni ni pé ṣé epo tó máa jáde níbẹ̀ á ju owó epo rọ̀bì tó wọlé àti ìnáwó iṣẹ́ lọ, ṣé epo rọ̀bì náà á sì máa dé déédéé. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ní ìdáhùn ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn sì ti mọ̀ ṣáájú pé bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ibí yìí ni a ó dúró sí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n pe slam nígbà tí ìdáhùn kò tíì pé, ìkéde oṣù Kọkànlá sì di ìlérí tí káàdì ọwọ́ kò lè gbè.

Ẹnì kan á ní, ṣé o ò rí i pé ìwọ náà ń kọ́ wa ní ojo? Ó yẹ ká dá a lóhùn pẹ̀lú ọdún 2007. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, bí ìjọba Obasanjo ṣe ń kógbá sílé, wọ́n ta ìpín 51 nínú 100 ilé ìfọpo Port Harcourt fún Bluestar, àjọṣe àwọn oníṣòwò tí Dangote wà nínú wọn, ní 561 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn òṣìṣẹ́ fàáké kọ́rí, ìjọba Yar'Adua sì yí títà náà padà. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà, ìdúró yẹn ni ọgbọ́n, torí kò sí ẹni tó pàdánù nǹkan tó fojú rí. Ṣùgbọ́n ìṣirò 750 ti kọ́ wa pé slam tí a kò pè máa ń ná èèyàn ní iye kan náà bíi slam tó bàjẹ́. Mi ò sọ pé títà náà dára délẹ̀. Bí wọ́n ṣe kánjú parí rẹ̀ nígbà tí ìjọba ń kúrò lórí oyè ní ìfura tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé yíyí i padà láìsọ ìgbà tí a ó tún wádìí, àti ohun tí a ó fi wádìí rẹ̀, kì í ṣe ìdúró. Ẹni tó dúró mọ ìdí tó fi dúró, ó sì mọ ohun tó lè mú un tún gbéra.

Pé kíkọ ẹ̀bùn ńlá sílẹ̀ kì í ṣe ojo, àwọn ọmọ wa ti fi han gbogbo ayé. Nínú Scrabble, ẹni tó bá lo lẹ́tà méje ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń gba àfikún máàkì 50, ọ̀pọ̀ òṣèré sì ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń lépa ṣáá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́ra láti máa fi ọ̀rọ̀ kúkúrú sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ gígùn bá máa ṣílẹ̀kùn fún alátakò tàbí tú lẹ́tà rere dànù. Ní Perth, ní ilẹ̀ Australia, lọ́dún 2015, Wellington Jighere, ọmọ Delta, fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ na Lewis Mackay ará Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láìjẹ́ kó rí ẹyọ kan mú, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé Scrabble Gẹ̀ẹ́sì. Ó pe ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà márùn-ún, FELTY, fún máàkì 36, níbi tí ọ̀rọ̀ tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa pe ìyẹn ní ìbẹ̀rù. Ó ti ṣírò ohun tí ẹ̀bùn náà máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí i pé kò pé òun.

Àtakò tó lágbára jù ni pé orílẹ̀-èdè kì í ṣe eré káàdì. Káàdì 13 tí wọ́n pín fún ọ kò lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìjọba lè wá owó kún owó, ó lè pe onímọ̀ míì, ó lè yí iṣẹ́ náà padà. Mo gbà, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ibi ìdúró ṣe pàtàkì jù lọ. Ní bridge, eré ló máa dá ọ dúró fúnra rẹ̀: lẹ́yìn ìjẹ 13, wọ́n á ka máàkì, gbogbo ojú á sì rí i. Ní Alesa, kò sí ìjẹ kẹtàlá. Owó lè máa wọlé, àkókò lè máa gùn, kí ẹnikẹ́ni má sì ka máàkì láéláé. Níbi tí òfin eré kò bá ti dá èèyàn dúró, àfi kí èèyàn ti so ara rẹ̀ mọ́ ibì kan ṣáájú.

Nítorí náà, àríyànjiyàn "ẹ tà á" àti "ẹ má tà á" tó gba ẹnu gbogbo èèyàn kan, láti Diobu títí dé Abuja, ti kánjú wọlé. Ohun tó yẹ ká gbà lọ́wọ́ NNPC kí kọ́bọ̀ míì tó jáde, tàbí kí wọ́n tó kọ orúkọ olùrà kankan sílẹ̀, ni ìwé pélébé kan tí aráàlú lè kà: ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn ní ìpele tó kàn, ìdáhùn tó máa mú kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú, ìdáhùn tó máa mú kí wọ́n dúró, àti ohun tó máa kù sílẹ̀ fún Nàìjíríà bí wọ́n bá dúró. Kí wọ́n gbé e jáde ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má lè yí i padà nígbà tí ìdáhùn bá dé. Bí wọn kò bá lè kọ ọ́, wọn ò tíì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá kọ ọ́, tí ìdáhùn sì dára, kí wọ́n pe slam náà kíkankíkan, èmi náà á wà lára àwọn tó máa pàtẹ́wọ́.